Àga Onítáyà Tí Màmá Mi Dìde Kúrò Lórí Rẹ̀

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mo fi àmì sínú àpótí kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé mo rántí aago náà. Ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde ṣì wà lọ́wọ́ mi, aago sì wà ní igun rẹ̀ lókè.

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lójú ọ̀nà Pólì ní Ọ̀wọ̀. Láti ìgbà tí mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ibẹ̀ ni mo wà tí mò ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí mò ń bá àwọn èèyàn kọ fọ́ọ̀mù, tí mo sì máa ń bá àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò wá tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tíkẹ́ẹ̀tì màmá mi ló wà níwájú mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìlú Ọba ti bí àkọ́bí rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun tó bá wúwo ju ọmọ náà lọ. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì ni màmá máa gúnlẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́dọ̀ padà síbi iṣẹ́. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé. Tí màmá kò bá dé, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni yóò kù pẹ̀lú ojú abẹ tí kò tíì jinná àti ọmọ jòjòló.

Bàálù náà kò lọ tààrà. Láti Èkó, yóò kọ́kọ́ balẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú ńlá kan ní apá Ìlà Oòrùn, màmá yóò sì bọ́ sínú bàálù mìíràn níbẹ̀. N kò ní dárúkọ pápákọ̀ náà, nítorí n kò lè di ẹ̀bi ohun tó ṣẹlẹ̀ rù wọ́n. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sọ lórí fóònù pé pápákọ̀ náà ló tóbi jù lọ láyé. Èmi kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láì yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà mo lọ kà nípa rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti fífẹ̀ ilẹ̀, ọ̀kan ní Saudi Arabia ni wọ́n ń kọ sí ipò kìíní. Tó bá jẹ́ ti iye èrò, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ni. Tó bá jẹ́ ti àwọn tó ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, Dubai ni. Èyí tí màmá mi fẹ́ gbà kọjá kò ṣe ipò kìíní nínú ọ̀kankan nínú àwọn tí mo kà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní, "Ìwọ ọmọkùnrin yìí! Ṣé màmá fẹ́ ra pápákọ̀ ni?"

Mo gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n mi láti ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà mo gbọ́ "yéè", nítorí ẹ̀rín náà fa ojú abẹ rẹ̀.

Lórí fọ́ọ̀mù, wọ́n béèrè bóyá arìnrìnàjò nílò àga onítáyà. Mẹ́ta ni àpótí tó wà níbẹ̀: ẹni tí kò lè dé ìjókòó rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn, ẹni tí kò lè rìn jìnnà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi àmì síbẹ̀ fún ìyá wọn tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kí ẹnìkan lè tì í láti ẹnu ọ̀nà bàálù kan dé ẹnu ọ̀nà ìkejì. Àwọn oníbàárà mi máa ń ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n màmá mi ń fẹsẹ̀ rin láti ilé wa ní Ute dé oko kòkó rẹ̀, á sì fi ẹrù lérí padà kí oòrùn tó mú. Nítorí náà, pé kò lè rìn jìnnà, irọ́ ni. Ohun tí mo gbà pé ó jẹ́ òótọ́ ni pé kò lè dá mọ̀nà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀: kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju "good morning" àti "how much" lọ, kò sì tíì wọ bàálù rí. Kò sí àpótí fún ìyẹn. Mo fi irọ́ kékeré náà rọ́pò òótọ́ tí wọn kò béèrè. N kò sọ fún màmá.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, a gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ lọ sí Èkó, a sì wọ pápákọ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Iye iṣẹ́ tó rọ̀ mọ́ bàálù kan ṣoṣo yà mí lẹ́nu. Àwọn kan ń fi ọ̀rá we báàgì, àwọn kan ń wọn ẹrù, àwọn kan ń nulẹ̀, àwọn kan ń ti àga. Mo ti kà pé kì í ṣe iléeṣẹ́ bàálù ló gba ọ̀pọ̀ nínú wọn síṣẹ́. Ọkùnrin tó gbé àga tọ̀ wá wá ní bẹ́ẹ̀ ni, iléeṣẹ́ mìíràn ló ń sanwó fún òun, ìdí nìyí tí òun fi lè ti èrò bàálù márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójúmọ́.

Màmá mi wo àga náà, ó wò mí.

"Ta ló ni kẹ̀kẹ́ arọ yìí?"

"Tiyín ni, Màmá."

"Tèmi? Ẹsẹ̀ mi ṣe kí ni?" Ó yí padà sí ọkùnrin náà. "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ẹ gbé e fún aláìsàn. Ẹni tó ń ru ẹrù kòkó láti oko ni mo jẹ́."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jókòó kẹ́ẹ rọra jayé. Gbogbo ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ lókè òkun ló ń jókòó sí i."

"Ṣé gbogbo wọn ni kò lè rìn?"

"Wọ́n lè rìn o! Bí bàálù bá ti balẹ̀ lọ́hùn-ún, tí wọ́n rí ọmọ wọn lókèèrè, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe ń sáré."

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó fi èdè Ọ̀wọ̀ bi mí, pẹ̀lú ohùn tó rẹlẹ̀, ohun tí mo kọ sínú ìwé gan-an. Mo sọ fún un. Ó ní, "O kọ ọ́ pé mo yarọ." Mo ní rárá, mo kọ ọ́ pé kò lè rìn jìnnà. Ó ní kí n ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀, mo sì ṣàlàyé rẹ̀. Mo rò pé àlàyé mi yéni, ṣùgbọ́n kò ràn mí lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó jókòó nítorí ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe nítorí mi. Ó gbé báàgì ọwọ́ rẹ̀ lé itan. Kànhìnkànhìn tuntun tó fẹ́ fi wẹ ọmọ ló wà lókè nínú rẹ̀, nítorí ó ní òun kò lè fi ìyẹn sínú ẹrù tí wọ́n máa sọ síbi tí òun kò ti ní rí i. Kí wọ́n tó tì í wọlé, mo kọ nọ́ńbà fóònù mi àti ti ẹ̀gbọ́n mi sórí páálí kékeré kan, mo fi okùn so ó mọ́ ọn lọ́rùn, bí a ti ń ṣe fún ọmọ tó kọ́kọ́ lọ síléèwé. Ó gbà kí n so ó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo wọ bọ́ọ̀sì tó ń padà sí Ọ̀wọ̀. Nígbà tí aago méje ku ìṣẹ́jú méjìlá, áàpù tó ń tọpa bàálù lórí fóònù mi fi hàn pé bàálù ti balẹ̀. Ní aago méje àti ogún ìṣẹ́jú, màmá pè mí. Òṣìṣẹ́ kan ti bá a fi fóònù rẹ̀ sórí wàífáì wọn. Ó ní wọ́n ti tì í dé yàrá kan tí gbogbo oníkẹ̀kẹ́ ń dúró sí, wọ́n sì ní kó jókòó síbẹ̀, àwọn á wá gbé e tó bá tó àkókò.

"Wọ́n ń tọ́jú mi," ló wí. "Ilé yìí tóbi o. Wọ́n tì mí títí, mo rò pé a ti ń dé Ìlú Ọba."

Ọkàn mi balẹ̀. Bàálù kejì kò ní gbéra títí di aago mọ́kànlá kọjá lọ́dọ̀ wa. Mo sọ fún ara mi pé àpótí tí mo fi àmì sí ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Mo sùn díẹ̀.

Nígbà tí aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó tún pè.

"Wọ́n ti gba kẹ̀kẹ́ náà o."

"Ta ló gbà á?"

"Ọmọbìnrin tó tì mí wá. Ó ní mo lè rìn."

Mo dìde dúró nínú bọ́ọ̀sì láìmọ̀. Orí mi kan òkè. "Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe jẹ́ gan-an."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Wọ́n ti àgbàlagbà obìnrin kan wọ yàrá náà lórí àga tirẹ̀. Obìnrin náà ń sọ Yorùbá lórí fóònù. Nígbà tó parí, màmá kí i láti orí àga, obìnrin náà sì béèrè ibi tó ti wá. Kó tó pẹ́, wọ́n rí i pé ọmọ Àkókó ni ìyá náà, pé ìlú Ọ̀wọ̀ ló ti ṣe olùkọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí ọ̀nà Pólì. Màmá wá rí i pé ìyá tó tó bí òun lọ́mọ lòun jókòó kí. Ó dìde, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó kí i tán pátá, ó sì dìde láìdi nǹkankan mú. Òṣìṣẹ́ tó tì í wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

Ẹlòmíràn ń dúró de àga. N kò lè dá ọmọbìnrin náà lẹ́bi. Lójú ẹnikẹ́ni tí kò mọ̀ wá, ẹni tó lè kúnlẹ̀ kó sì dìde bẹ́ẹ̀ kò nílò kẹ̀kẹ́. Lójú wa, kí ni màmá ìbá ti ṣe? Kó jókòó sórí àga bí olóyè, kó máa kí ìyá àgbà?

"Màmá, ẹ má kúrò níbẹ̀!" Mo pariwo ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Gbogbo bọ́ọ̀sì yíjú sí mi.

Ọkùnrin tó jókòó tì mí bi mí pé, "Bọ̀dá, ta ló sọnù?"

Kì í ṣe ìwà mi láti máa sọ ọ̀rọ̀ ilé wa létí èrò, ṣùgbọ́n mo sọ fún un. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ̀rọ̀ náà ti dé iwájú bọ́ọ̀sì.

Obìnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n wá ọlọ́pàá."

"Ọlọ́pàá kẹ̀?" ni ọkùnrin mìíràn dáhùn. "Kí wọ́n wá ti màmá onímàmá mọ́lé! Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n máa sunkún. Ẹni tó bá ń sunkún, wọ́n á béèrè ohun tó ṣe é."

"Ìwọ ni kó o máa sunkún. Màmá kúnlẹ̀ nìkan ni wọ́n gba àga lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n bá sunkún ńkọ́?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín. Mo sọ fún màmá pé kó jókòó síbi tó wà, kó fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ han òṣìṣẹ́ èyíkéyìí. Ó ní òun ti fi han méjì, wọ́n nawọ́ sí ọ̀nà, wọ́n sì sáré lọ. Mo ń wí lọ́wọ́ nígbà tí nẹ́tíwọọkì já. A ti wọ inú igbó lẹ́yìn Ọ̀rẹ̀.

Fún wákàtí kan ó lé, n kò gbọ́ ohunkóhun. Mo fi àkókò náà to ohun tí mo mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí mò ń bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé ó ti balẹ̀. Mo mọ̀ pé géètì rẹ̀ wà ní D18, nítorí mo ti rí i lórí áàpù kí nẹ́tíwọọkì tó já. Mo mọ̀ pé wọ́n kọ síbẹ̀ pé ìrìn ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà láàárín yàrá náà àti géètì. N kò mọ̀ bóyá ó ti kúrò ní yàrá náà. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi lọ́kàn, tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé bàsíà omi. Mo ronú nípa irọ́ tí mo kọ. Ká ní mi ò kọ ọ́, ṣé màmá ìbá ti béèrè ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má sì gbára lé àga tí wọ́n lè gbà? N kò rí ìdáhùn tó dá mi lójú, n kò sì rí i títí di òní.

Ní aago mẹ́wàá àti ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, fóònù dún. A ti kọjá Oǹdó.

"Màmá! Ibo lẹ wà?"

"Mo wà níwájú D méjìdínlógún." Ó ń mí sókè sódò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè.

"Ta ló tì yín débẹ̀?"

"Ta ni kó tì mí? Èmi ni mo ti ìyá olùkọ́ wá."

Èyí ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn, nítorí ìyá àgbà náà gba fóònù, òun náà sì sọ tirẹ̀. Bàálù kan náà ni wọ́n jọ ń wọ̀. Òṣìṣẹ́ tó yẹ kó wá ti ìyá náà pẹ́. Nígbà tí màmá wá fẹ́ dágbére fún un pé òun ń lọ wá ọ̀nà, ìyá náà wo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wo tara rẹ̀, ó sì ní, "Ẹ má lọ. Èmi ò lẹ́sẹ̀, ẹ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ tì mí, èmi á máa kà." Wọ́n sọ fún ẹni tó jókòó sídìí tábìlì, ó sì ní kò burú. Màmá di ọwọ́ àga mú. Ìyá olùkọ́ ń ka ohun tí wọ́n kọ sókè, ó ń nawọ́ bí ẹni tó wà níwájú pátákó: ọ̀tún, tààrà, ẹ dúró, ẹ má gba ibi tó ń gbéni rìn yẹn. Níbì kan, ìyá náà kà á pé apá òsì ni D wà. Màmá sọ fún un pé rárá, ọ̀tún ni, òun rí i.

Mo ní, "Ẹ rí i báwo?"

"Ṣé n kò ka Bíbélì ni? D ni D. Kí ló wá yàtọ̀ nínú méjìdínlógún?"

Ogún ọdún ni mo ti ń gbọ́ tí màmá mi ń ka Bíbélì Yorùbá sókè láàárọ̀, tó ń pe orí àti ẹsẹ̀ láìṣì í. Lẹ́tà tó wà lókè géètì yẹn wà nínú ìwé rẹ̀. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e, irú rẹ̀ ló ń kọ sára àpò kòkó. Ohun tí mo pè ní òótọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, pé kò lè dá mọ̀nà, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Mo yẹ pápákọ̀ mẹ́ta wò, mi ò yẹ màmá mi wò.

Ìyá olùkọ́ ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo bá màmá ẹ kọ fọ́ọ̀mù pé wọn ò lè rìn? Wọ́n fẹ́ẹ̀ fi eré dà mí nù."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ti dákẹ́ láti gbọ́. Mo sọ fún ọkùnrin tó jókòó tì mí pé wọ́n ti dé géètì, òun ló sì pariwo rẹ̀ fún àwọn yòókù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Dírẹ́bà fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin ẹ̀yìn ní òun ti mọ̀ tipẹ́, bẹ́ẹ̀ òun ló ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá.

Áàpù fi hàn pé bàálù náà gbéra ní aago mọ́kànlá àti ìṣẹ́jú méjìlélógún. Áàpù kì í sọ ẹni tó wà nínú bàálù. Mo dé Ọ̀wọ̀, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo bá akẹ́kọ̀ọ́ méjì tẹ ìwé, mo sì ṣe àṣìṣe nínú méjèèjì. Nígbà tí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ku díẹ̀, bàálù balẹ̀. Ní aago mẹ́fà àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán kan ránṣẹ́. Màmá mi wà nínú rẹ̀, páálí tí mo so mọ́ ọn lọ́rùn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ń ti àga ìyá àgbà kan jáde, ìyá náà sì na ìka síwájú. Èrò pọ̀ lẹ́yìn wọn. Òṣìṣẹ́ kan ń tẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ òfo, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọlọ́kadà ń kọjá. Èjìká mi ti ń dùn mí láti àárọ̀, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Màmá ló gbé fóònù. Mo gbọ́ omi tó ń dà sínú nǹkan. Ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹnìkan ibi tí wọ́n gbé ọṣẹ sí. Ọmọ náà figbe ta. Màmá ní kí n pa fóònù, pé ọwọ́ òun ti kan omi.